Ohùn Sìkírá: Láti Ìlàjẹ Bàrígà Dé Hamburg

Ohun tí mo gbé lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì ní Bàrígà àti ní Ṣómólú, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí lókè òkun, ohun tí mo rí kò pọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni màá sọ, àti ohun tí mi ò gbọ́.

Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi dé Hamburg, ìlú ńlá kan létí odò ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ń pàtẹ ẹ̀rọ orin níbẹ̀, wọ́n sì pe àwa oníròyìn kan pé ká wá wò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà nínú àpò mi tí àwọn tó pè mí kò mọ̀: káàdì fóònù kan tí kò ju èékánná lọ, tí Ìyá Sìkírá fi aṣọ wé, tí wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ ní Ìlàjẹ, lẹ́bàá iná ẹja.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Ìyá Sìkírá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ nínú èéfín etí ọ̀sà débi pé àwọn apẹja ń kà wọ́n kún ara wọn. Sìkírá ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Olóhùn iyọ̀ ni. Bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà bá fẹ́ kọrin, òun ni gbogbo wọn máa ń wò lẹ́nu. Nígbà tó lóyún, ó ṣe orin arẹmọ́lẹ́kún kan fún ọmọ inú rẹ̀, ó sì lọ gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Enjiníà Làmídì ní Abúlé Òkúta, yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó sọ ọmọ náà ní Rọ́fíà.

Rọ́fíà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ti kó lọ. Àràárọ̀ ni ọmọ yìí ń gbọ́ orin náà lórí fóònù ìyá àgbà rẹ̀. Yàtọ̀ sí fọ́tò kan, kò ní nǹkan mìíràn tó lè pè ní ìyá.

Ìyá Sìkírá fúnra wọn kì í dúró gbọ́ ọ. Bí orin náà bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jáde lọ yí ẹja. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi nìyí:

“Àǹtí Oníròyìn, èmi ni mo bí i. Mo mọ bó ṣe ń sunkún, mo mọ bó ṣe ń kọrin. Ẹni tó wà nínú fóònù yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà tán, kó máa pe àjèjì ní ìyá rẹ̀.”

Àwọn ará ilé ní ìbànújẹ́ ló ba etí wọn jẹ́. Àbúrò wọn ọkùnrin tilẹ̀ sọ ọ́ lójú mi: “Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn lorí wọn ò ti pé mọ́.”

Enjiníà Làmídì nìkan ni kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyá náà lè máa sọ òótọ́, pé fáìlì ló fà á. Ẹ mọ àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń kó orin sórí káàdì fún àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ìbéèrè kan ni oníbàárà máa ń bi wọ́n: “Mélòó ló máa gbà?” Kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe máa dún. Nítorí náà, wọ́n á tẹ orin pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń di aṣọ sínú báàgì kékeré.

“Irú ìyẹn ló wà lórí fóònù Màmá,” ni Enjiníà wí. “Fáìlì kékeré máa ń jẹ ohùn. Mo ti sọ ọ́ di ńlá báyìí, irú èyí tí òyìnbó fi ń gbọ́ orin gan-an. Ó wúwo, Àǹtí! Fóònù Màmá ò lè gbé e. Ẹ bá mi gbé e dé ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Tí wọ́n bá bá wa tú u jáde níbẹ̀, Màmá á gbọ́ ọmọ wọn.”

Ó gbé káàdì náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń gbé e sókè sódò, bí ẹni tó fẹ́ kí n fojú rí ìwúwo rẹ̀.

Ìlú tó dákẹ́

Òtútù kì í ṣe ìròyìn mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun dé ló ń sọ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọn kì í sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Hamburg nìyẹn. Kò sí jẹnẹrétọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe èrò. Kò sí oníwàásù tó gbé sípíkà kọ́ èjìká. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún fọ́fọ́, mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ṣí ojú ewé ìwé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo kí ọkùnrin tó dúró tì mí. Ó kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀, ó wá fi orí dá mi lóhùn. Bí ọkọ̀ bá kún, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń kún kẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ yàn láti dúró.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í léèrè, èébú ló fi bẹ̀rẹ̀. Iná pupa ń tàn fún àwa tí a fẹ́ sọdá títì, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò kankan títí dé ibi tí ojú mi ríran dé. Èmi ọmọ Bàrígà, mo sọdá. Ìyá arúgbó kan dúró sí òdìkejì, ó ń na ọ̀pá rẹ̀ sí mi, ó ń sọ èdè wọn kíkankíkan.

“Kí ló wí?” ni mo bi Bọ̀lá, ọmọ ilé wa tó ń mú mi kiri ìlú.

“Ó ní ṣé ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń kú ni.” Bọ̀lá ń rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, wọn kì í kí èèyàn níbí, àmọ́ wọ́n máa ń bá èèyàn wí.”

Ọ̀dọ̀ Bọ̀lá ni mo dé sí. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe ní ìlú náà. Ọmọ Ṣómólú ni, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ pariwo kó tó lè ní kí wọ́n bu omi wá. Ó ní nígbà tí òun dé Hamburg, òun ò rí oorun sùn nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

“Mo máa ń tan ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kó máa pariwo kí n tó lè sùn. Aládùúgbò mi lọ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá wá, ó bi mí pé kí ni mò ń gbá. Mo ní mò ń sùn ni. Ó wò mí títí.”

Ó mú mi lọ jẹun létí odò. Búrẹ́dì ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹja sí i. Ẹja tútù! Iná ò kàn án rí. Inú ọtí kíkan ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, wọ́n wá fi àlùbọ́sà tútù bò ó mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ti ọ̀dọ̀ àwọn ayanja wá, mo wo ẹja, ẹja wò mí.

“Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí,” ni Bọ̀lá wí. “Ẹ má wo ojú ẹ̀.”

Mo jẹ ẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, inú mi ò tíì gbà pé mo ti jẹun.

Àwọn tó ń ta afẹ́fẹ́

Gbọ̀ngàn tí wọ́n pàtẹ sí tóbi ju ibùdókọ̀ lọ. Sípíkà wà níbẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n fi igi dídán ṣe bí àga ọba. Nínú àwọn yàrá tí wọ́n fi pátákó pín, èèyàn máa jókòó lórí ìjókòó rírọ̀, ẹni tó ni ọjà á sì máa fi orin sí i fún un.

Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun gbà wá sínú yàrá tirẹ̀. Orin obìnrin kan àti dùùrù ló fi sí i.

“Orin orí fóònù yín,” ló wí, “fọ́tò tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ ni. Èyí ni odindi. Ẹ tẹ́tí sí afẹ́fẹ́ tó yí ohùn obìnrin yìí ká.”

Gbogbo wa dijú. Bàbá kan níwájú mi ń mi orí bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó rí i pé iyọ̀ rẹ̀ pé. “Mo gbọ́ ọ,” ló ń wí, “mo gbọ́ afẹ́fẹ́ náà.” Mi ò ní í purọ́ fún yín, orin náà dùn jọjọ. Ó ṣe mí bíi pé èmi náà gbọ́ nǹkan kan. Mo rántí Ìyá Sìkírá, ọkàn mi sì gbé sókè.

Mo wá bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tí oníròyìn gbọ́dọ̀ béèrè. Mo ní, “Tí ẹ bá gbé fáìlì ńlá àti kékeré jáde láti inú ẹ̀rọ yìí kan náà, láìsọ èyí tó jẹ́ èwo fún wa, ṣé a máa mọ̀ ọ́n?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Madáàmù, a kì í ṣe irú ìyẹn níbí. Ìgbádùn la bá wá.”

“Ó dáa. Ṣé ẹ lè bá mi fi káàdì tèmi sí i?”

Ó fi ìka méjì mú káàdì Sìkírá, bí ìgbà tí èèyàn bá mú kòkòrò kúrò lára aṣọ, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní òun ò mọ ibi tó ti wá, ó lè kó àrùn ran ẹ̀rọ òun.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ìyá kan ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó gé e mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ulrike. Ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì ní ilé rédíò, ohùn àwọn tó ti kú ló wá ń fọ̀ báyìí fún àwọn ẹbí wọn, láti inú téèpù tó ti bàjẹ́. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

“Wá sílé mi,” ló wí. “Ìbéèrè tí o bi í yẹn, èmi máa ń ṣe é.”

Nílé Ulrike

Ó ní ká bọ́ bàtà wa sẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn; ó kọ́kọ́ jọ ilé lójú mi. Ó gbé kọfí àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso kíkan ṣe fún èmi àti Bọ̀lá, kò sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ títí a fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló mú wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kan lábẹ́ ilé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìta, ariwo ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú ibẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí ara mi.

Ó fi aṣọ bo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tó fẹ́ gbé jáde, ńlá tàbí kékeré, tí Ulrike pàápàá kò fi mọ̀. Orin kan náà ni.

“Èyí ni!” ni Bọ̀lá pariwo. “Èyí ló wúwo. Mo gbọ́ ọ nínú àyà mi.”

Ulrike ká aṣọ náà sókè. Kékeré ni.

Ó kan èmi. Mo dijú, mo tẹ́tí, mo mú ọ̀kan pẹ̀lú ìdánilójú. Mo ṣì í. Mo tún mú, mo gbà á. Mo tún mú, mo ṣì í. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí kọfí wa fi tutù, bí àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, tí ọwọ́ wọn ń bà á nígbà mìíràn, tí wọn ò sì lè sọ bó ṣe bà á. Ulrike jókòó, òun náà gbé e wò. Òun náà ṣì í.

“Ṣé etí wa ni ò dáa?” ni mo bi í.

“Etí èèyàn ni,” ló wí. “Ohun tí wọ́n fi kún ti ńlá ga ju ibi tí etí wa lè dé lọ. Àdán lè gbọ́ ọ. Èmi àti ìwọ, kódà ohun tí à ń gbọ́ léwe, a ò gbọ́ ọ tán mọ́.”

Bọ̀lá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ pé, “Ṣé àdán ni oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ sọ yẹn wá ń tajà fún ni?”

Ulrike kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ó ní òun mọ àwọn tó búra pé àwọn ń gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. “Àwọn kan ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Tí mo bá ti fi aṣọ bo orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn máa ń dínkù.” Ó ní bí wọ́n bá tẹ orin pọ̀ jù, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láti orí èyí tó tó sí orí èyí tó ju ìyẹn lọ, etí ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

“Kí wá ni ìwúwo yẹn wà fún?”

“Ó wà fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń fún wa láyè láti ṣàtúnṣe.”

Aṣọ ló mú kó yé mi. Télọ̀ tó mọṣẹ́ á fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìránpọ̀, kó lè rí ohun tú bí oníbàárà bá sanra. Ẹni tó wọ aṣọ náà lọ òde ò ní í rí i, kò sì ní í mú kí aṣọ náà yẹ ẹ́ sí i.

Ara mi ti tutù. Bí ìwúwo ò bá lè mú nǹkan kan wá fún etí, kí ni mo fẹ́ gbé padà lọ sí Ìlàjẹ? Mo na káàdì náà sí i.

Ibi tí ohùn ti gé

Nínú yàrá yẹn, láìsí èéfín, láìsí jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ Sìkírá:

Sùn, ọmọ mi, omi ti sùn,
ẹja ti wọlé, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀,
ẹni tó ń bọ̀ á bá ọ lójú oorun.

Omi bọ́ lójú Bọ̀lá. “Ó dùn o,” ló wí. Ojú kọ̀ǹpútà ni Ulrike ń wò. Ó ní kí n wá wò ó. Àwòrán ohùn ló wà níbẹ̀, ó ń jó sókè bí iná ẹja, ṣùgbọ́n gbogbo iná náà dé ibì kan, wọ́n gé e níbẹ̀ gbọọrọ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Òkè ibẹ̀ ṣú dùdù.

“Ẹni tó fún ọ ní èyí ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ di kékeré,” ló wí. “Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá gbé kékeré náà sínú ńlá. Ohun tó ti dànù ò padà. Ó ra apẹ̀rẹ̀ tó tóbi, ẹja kan náà ló kó sínú rẹ̀.”

“Ṣé ohun tí ìyá rẹ̀ ò fi mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn?”

“Rárá.” Ó mi orí. “Ibi tí wọ́n gé yìí ga jù. Àgbàlagbà ò lè máa wá ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́. Nǹkan mìíràn ló ń wá.”

Ó tún fi orin náà sí i, díẹ̀díẹ̀, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà. Ó ti wá di dókítà tó ń fọwọ́ tẹ ikùn aláìsàn. Nígbà tó yá, ó bi mí pé:

“Ta ló tún ohùn obìnrin yìí ṣe?”

Ó fi ìka tọ ìlà ohùn náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní bí èèyàn ṣe ń fẹsẹ̀ gun òkè ni ohùn èèyàn ṣe máa ń gòkè: á fà, á yọ̀, á sinmi, á tún gbéra. Èyí kò gun òkè rárá. Àtẹ̀gùn ló ń gùn. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí Sìkírá ti fa ohùn bí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ṣe ń fà á ní Ẹ̀gbá, mo wá rí i pé kò sí níbẹ̀. Ó fò ó láti orí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. “Kò sì mí,” ni Ulrike wí. “Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, obìnrin yìí kò mí lẹ́ẹ̀kan.”

Mo pe Enjiníà Làmídì lórí fóònù níwájú wọn.

“Enjiníà, ṣé o fọwọ́ kan ohùn Sìkírá?”

“Àǹtí, báwo ni mi ò ṣe ní í fọwọ́ kàn án? Iṣẹ́ mi ni. Oyún ti wọ̀ ọ́ lára nígbà yẹn, èémí ò tó o, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ọ́tòtúùnù, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, tò ó kó gún. Mo wá yọ gbogbo ibi tó ti ń mí.”

“O yọ èémí rẹ̀?”

“Gbogbo wa la máa ń yọ ọ́! Tí ẹ bá gbé ohùn tí wọn ò tún ṣe fún oníbàárà ní Bàrígà, á ní ẹ ò mọṣẹ́. Òun fúnra ẹ̀ gbọ́ ọ, ó dìde lórí àga, ó ní, ‘Há, Enjiníà, ṣé èmi nìyí?’”

“Èyí tí o ò tíì fọwọ́ kàn ńkọ́? Èyí tó kọ́kọ́ kọ?”

Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láti Abúlé Òkúta.

“Tí oníbàárà bá ti lè ní ó dùn, a máa ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí àyè lè gba ẹlòmíì. Gbogbo sítúdíò ló ń ṣe é. Àǹtí, mo rò pé á bímọ ẹ̀, á tún padà wá kọ òmíràn ni.”

Mo bi Ulrike bóyá ẹ̀rọ kankan wà tó lè dá ohùn náà padà sí bó ṣe wà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún.

“Ẹ̀rọ lè ṣe ohùn kan tó jọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn nìyẹn máa jẹ́. Sọ fún ìyá náà pé òótọ́ ló ń sọ.”

Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Òun ló na ọwọ́ kí mi, ó sì di ọwọ́ mi mú fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ní ìlú yẹn.

Etí ọ̀sà

Ariwo ló kọ́kọ́ pàdé mi nílé, mo sì fi gbogbo ara gbà á. Mo lọ sí Ìlàjẹ ní ọ̀sán. Ìyá Sìkírá ń yí ẹja lórí iná. Wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan títí mo fi mu omi tán. Enjiníà Làmídì ti wà níbẹ̀, ó jókòó sórí pákó, ó dorí kodò. Àbúrò Màmá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo sọ pé ìwúwo káàdì náà kò ṣe nǹkan kan fún etí ẹnikẹ́ni, pé ohun tó sọnù kò sọnù lọ́nà Hamburg, Abúlé Òkúta níbí ló ti sọnù, àti pé kò ní í padà mọ́.

Ìyá Sìkírá ò sunkún. Àbúrò wọn ni wọ́n wò.

“O ní orí mi ò pé,” ni wọ́n wí. “O fẹ́ẹ́ mú mi lọ gba àdúrà.”

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó máa ń mí kó tó fà á. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní, ‘Sìkírá, mí ná, má kánjú, ọmọ ò ní í sá lọ.’ Bí mo bá ń gbọ́ tinú fóònù yìí, mo máa ń dúró de èémí yẹn. Kì í dé.”

Enjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí ìpẹ́ ẹja kún. “Màmá, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ kó dùn ni.”

“Dìde. Ìwọ kọ́ lo pa á.” Wọ́n yí ẹja kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. “Ṣùgbọ́n ààyè ni ọmọ mi nígbà tó wọ ilé rẹ, o sì wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ òkú.”

Enjiníà kúnlẹ̀, ó ní òun ti ronú kan ohun kan: kí Màmá jẹ́ kí òun gba ohùn tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orin náà bí wọ́n ṣe kọ́ Sìkírá, òun kò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀, òun ò sì ní í pa á rẹ́ láéláé. Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání wá.

Ìyá Sìkírá ní kó gbé e kúrò níwájú àwọn. “Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kọ ọ́ fún. Rọ́fíà! Rọ́fíà, wá.”

Ọmọ náà jáde láti inú ilé, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Màmá fà á jókòó sórí àpótí níwájú wọn.

“Tẹ́tí dáadáa. Bí ìyá rẹ ṣe ń kọ orin yẹn gan-an nìyí.”

Wọ́n kọ ọ́. Èéfín ti jẹ ohùn wọn tipẹ́, ó ha, ó sì ń já. Ṣùgbọ́n wọ́n mí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa gbọ́ èémí náà. Wọ́n fa “omi” lọ títí, wọ́n jẹ́ kó yọ̀ wálẹ̀, wọ́n tún mí kí wọ́n tó dé ibi ẹja. Gbogbo ohun tí Ulrike fi ìka tọ́ka sí pé kò sí níbẹ̀, mo gbọ́ ọ níbẹ̀ létí ọ̀sà, láti ẹnu ìyá tó kọ́ ọ. Enjiníà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Rọ́fíà tẹ́tí títí dé òpin. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ kan orúnkún ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mọ́mì mi kì í kọ ọ́ báyẹn. Ẹ ń ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín.”

Ó la ẹnu, ó kọ ọ́ bó ṣe wà lórí fóònù gẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó gún, kò fà, kò sì mí. Nígbà tó dé òpin ìlà àkọ́kọ́, ó dúró, ó gbójú sókè.

“Ó yá, Ìyá àgbà, ẹ gbè é.”

Ìyá Sìkírá wo ọmọ náà, wọ́n wo iná. Wọ́n sì gbè é.